Orí Kẹfà: Agbẹjọ́rò Ìjọba àti Òṣìṣẹ́ Tó Ti Ilẹ̀ Òkèèrè Wá

Agbẹjọ́rò tí àlejò ń sanwó fún kí ó bá a wá físà kò ṣòro láti rí. Ojú pátákó ìpolówó ní Houston àti Lọ́ńdọ̀nù kún fún orúkọ wọn. Èyí tí orí yìí dá lé lórí kò ní pátákó. Ìjọba ló ń san owó oṣù rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí i pé ètò tí wọ́n fi ń mú òṣìṣẹ́ wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè ń lọ bí òfin ṣe là á kalẹ̀. Amẹ́ríkà la mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ìdájọ́ àti ìlànà wọn wà ní gbangba níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kà wọ́n, àti nítorí pé òfin náà kan àwọn ènìyàn wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó ti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.

Gbólóhùn kan nínú òfin

Ní ọdún 1952, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin ńlá lórí ìwọ̀lú àti jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ààrẹ Truman kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Wọ́n fi ìbò borí rẹ̀. Gbólóhùn kan wà nínú òfin náà tí gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lé. Ó gbé ìbéèrè méjì ka iwájú Mínísítà Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Secretary of Labor lọ́hùn-ún. Èkíní: ṣé lóòótọ́ ni ọmọ Amẹ́ríkà tó mọ iṣẹ́ yìí, tó fẹ́ ṣe é, tó sì wà níbi tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́, kò pọ̀ tó? Èkejì: bí àlejò bá gba iṣẹ́ náà, ṣé kò ní fa owó iṣẹ́ àti ipò iṣẹ́ onílé wálẹ̀?

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 1952, àlejò lè wọlé àfi tí mínísítà bá dìde pé kò gbọdọ̀ wọlé. Ọdún 1965 ni wọ́n yí i padà. Ṣáájú ìgbà náà, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹni tó fẹ́ tì í ló ń wá kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, ẹni tó fẹ́ wọlé ló ń wá kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà ni agbanisíṣẹ́ ti ní láti mú ẹ̀rí wá. Ẹnì kan ní láti yẹ ẹ̀rí náà wò, ẹlòmíràn sì ní láti gbèjà ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ka ìbéèrè kejì sí àfikún lásán. Lójú tèmi, òun ni ọkàn òfin náà. Ẹ wo òṣìṣẹ́ oko tó fi físà ìgbà díẹ̀ wọlé: agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo ni físà náà so ó mọ́. Bí ọ̀gá bá lé e, ilé ló ń lọ, gbèsè tó jẹ kó tó rìnrìn àjò sì ń dúró dè é níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tètè sọ pé òrùlé ń jò tàbí pé owó iṣẹ́ òun kò pé. Ọmọ onílẹ̀ ní tirẹ̀ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Nínú àwọn méjèèjì, kò ṣòro láti mọ ẹni tí ọ̀gá oko yóò mú, pàápàá tí owó àlejò bá tún kéré. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ń dá iye owó tí a ó san fún àlejò. Ẹni tó bá ń jà kí wọ́n san owó ará Mexico kan pé ní oko Georgia, ààbò òṣìṣẹ́ Georgia ló ń bá kiri.

Ẹjọ́ kan fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1978, àwọn àgbẹ̀ èso ápù ní Virginia ń wá òṣìṣẹ́ ìkórè, ìjọba sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ọmọ ilẹ̀ náà. Àwọn ará Puerto Rico, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin, wá gba iṣẹ́. Ẹ̀sùn tí ìjọba Puerto Rico kà sí àwọn àgbẹ̀ náà lọ́rùn ni pé wọ́n kọ àwọn kan, wọ́n sì fi ayé ni àwọn tó kù lára, kí wọ́n lè rí àyè gba àwọn ará Jamaica. Ẹjọ́ náà, Alfred L. Snapp & Son lòdì sí Puerto Rico, dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní ọdún 1982, àwọn adájọ́ ní Puerto Rico lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ lórúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àgbẹ̀ Virginia kò bínú sí ará Puerto Rico, kò sì fẹ́ràn ará Jamaica ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kàn mọ ẹni tó lè ṣẹ́ lọ́wọ́ ni.

Ta ni oníbàárà?

Agbẹjọ́rò aládàáni mọ oníbàárà rẹ̀: ẹni tó sanwó ni. Ti agbẹjọ́rò ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ni agbẹjọ́rò àlejò, kì í ṣe ti agbanisíṣẹ́, kò sì jẹ́ ti òṣìṣẹ́ onílé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó gbà á síṣẹ́ ni oníbàárà rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ń yí ọ̀nà padà bí ààrẹ bá ti ń yí padà, ṣùgbọ́n òfin tí agbẹjọ́rò búra lé lórí kì í bá wọn yí.

Ohun tó ń tẹ̀yìn èyí yọ ni pé agbẹjọ́rò kan náà lè wà ní apá méjèèjì ọ̀rọ̀ kan. Lóṣù yìí, ilé-iṣẹ́ kan pe ìjọba lẹ́jọ́ pé ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìbéèrè òun fún òṣìṣẹ́. Agbẹjọ́rò wa dìde, ó ṣàlàyé ìdí tí kíkọ̀ náà fi tọ́. Lóṣù tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pe ìjọba náà lẹ́jọ́ pé ìfọwọ́sí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Agbẹjọ́rò wa tún dìde. Ẹni tí kò bá lè gbé irú èyí mì kò yẹ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó sì gbé e mì láìbéèrè ohunkóhun, ó yẹ ká bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀.

Mínísítà tí wọ́n fẹ́ yọ, àti agbẹjọ́rò rẹ̀

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1913 ni Ààrẹ Taft fọwọ́ sí òfin tó dá Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tó lò kẹ́yìn lórí àga. Láti ìbẹ̀rẹ̀, abẹ́ iléeṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú wà. Ẹni tó ń ka owó òṣìṣẹ́ náà ló ń ka orí àlejò ní èbúté.

Frances Perkins di mínísítà níbẹ̀ ní 1933, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà Amẹ́ríkà. Ní àsìkò rẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Australia, Harry Bridges, ń darí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Òun ló ṣáájú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1934. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwọn olóṣèlú kan ní Kọ́múníìsì ni, kí wọ́n dá a padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Perkins àti agbẹjọ́rò àgbà iléeṣẹ́ náà, Gerard Reilly, wo òfin. Ẹjọ́ kan tó jọ ọ́, ti Strecker, wà níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ: ṣé wíwà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì nìkan tó láti lé ènìyàn nílùú? Wọ́n ní kí àwọn dúró de ìdáhùn kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Bridges.

Dídúró yẹn di ariwo. Ní oṣù kìíní ọdún 1939, aṣòfin kan láti New Jersey, J. Parnell Thomas, gbé àbá wá síwájú ilé aṣojú-ṣòfin pé kí wọ́n yọ Perkins nípò. Kò mọ sórí òun nìkan: orúkọ Reilly àti ti ọ̀gá àgbà ìwọ̀lú, James Houghteling, wà nínú àbá náà. Ní oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ wò ní kò sí ohun tí wọ́n lè rí dì mú. Àwọn ọ̀tá Bridges kò dẹwọ́. Ó di 1945 kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó dá a láre.

Mo sọ ìtàn yìí gùn díẹ̀ nítorí ohun tí Reilly ṣe. Ìmọ̀ràn ló fún ọ̀gá rẹ̀, ìmọ̀ràn tó sì bófin mu ni: ẹ jẹ́ ká dúró gbọ́ ohun tí òfin jẹ́ kí a tó lo agbára. Kò sí ohun tó tún lè ṣàkàwé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tí inú olóṣèlú tó ń kánjú kì í dùn sí tó o.

Ní 1940, bí ogun ṣe ń gbóná ní Yúróòpù, ìjọba kó ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú kúrò lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, ó gbé e fún Iléeṣẹ́ Ìdájọ́. Ní 2003 ó tún ṣí lọ sí iléeṣẹ́ tuntun tó ń rí sí ààbò abẹ́lé. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ni ìbéèrè méjèèjì ti 1952. Nítorí náà, iléeṣẹ́ kan ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà ṣí sílẹ̀ fún àlejò, òmíràn ló ń sọ bóyá àlejò náà yẹ, ẹ̀kẹta, tí àwọn ẹ̀ńbásì wà lábẹ́ rẹ̀, ló ń lu físà mọ́ ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá ń bi ọ́ pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ òun fi ń pẹ́, apá kan ìdáhùn nìyẹn.

Àwọn ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé

Fún ẹni tó fẹ́ gbé ilẹ̀ náà títí, ètò tí wọ́n ń pè ní PERM ló wà láti oṣù kẹta ọdún 2005. Kí agbanisíṣẹ́ tó lè kọ̀wé fún àlejò, ó gbọ́dọ̀ wá ọmọ onílẹ̀ lójú méjèèjì: ìpolówó nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú méjì, ìkéde lọ́dọ̀ ọ́fíìsì iṣẹ́ ìpínlẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, àti ọ̀nà mẹ́ta mìíràn tó bá jẹ́ iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo ìwé rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ìjọba lè ní kó kó o wá nígbàkigbà fún àyẹ̀wò.

Àwọn nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà tiwọn. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Schedule A, nínú èyí tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀ pé nọ́ọ̀sì kò tó ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn. Ilé ìwòsàn tó fẹ́ gba nọ́ọ̀sì láti Nàìjíríà kò ní láti polówó nínú ìwé ìròyìn kankan; ìbéèrè kìíní ti di dídáhùn. Ìbéèrè kejì ṣì wà níbẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gba ìwé iye owó tó wọ́pọ̀ fún irú iṣẹ́ náà ládùúgbò, kó sì lẹ ìkéde mọ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, ìwé iye owó yẹn ni kó kọ́kọ́ béèrè.

Ètò H-1B wà fún àwọn tó ní oyè yunifásítì, ó sì wà láti inú òfin 1990. 65,000 ni àyè rẹ̀ lọ́dún, 20,000 mìíràn sì wà fún àwọn tó gba oyè kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Níhìn-ín, àwọn aṣòfin mọ̀ọ́mọ̀ so ọwọ́ Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ kàn ń jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí ìwé ni: pé òun yóò san owó tó yẹ, pé kò sí ìyanṣẹ́lódì, pé òun ti kéde. Ìjọba ní ọjọ́ iṣẹ́ méje láti fọwọ́ sí i, kò sì lè kọ̀ àfi tí ìwé kò bá pé tàbí tí àṣìṣe inú rẹ̀ bá hàn sójú. Ìjà ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹnì kan bá fẹjọ́ sùn. Àríyànjiyàn lórí ètò yìí kò sinmi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ààrẹ kéde 100,000 dọ́là lórí ìbéèrè tuntun, àwọn tí kò gbà sì gbé e lọ sílé ẹjọ́.

H-2A ni ti oko, H-2B ni ti iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ mìíràn: títún ọgbà ṣe, ilé ìtura, bíbọ́ èèpo edé àti akàn. Òfin 1986 ló pín wọn sọ́tọ̀. H-2B ní òǹkà, 66,000 lọ́dún. H-2A kò ní, ó sì ti wú: àyè iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2005 jẹ́ bíi 48,000, ní 2023 ó lé ní 370,000. Ohun tí ọ̀gá oko gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀: ilé gbígbé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lè máa ti ilé rẹ̀ wá, owó ọkọ̀, ìwé àdéhùn ní èdè tó yé òṣìṣẹ́, àti ìlérí pé òṣìṣẹ́ yóò rí ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wákàtí tí wọ́n kọ sínú àdéhùn. Ohunkóhun tó bá fún àlejò, ó gbọ́dọ̀ fi lọ onílé pẹ̀lú. Bí onílé bá dé kí ìdajì àsìkò tó kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á.

Àwọn àgbàlagbà agbẹjọ́rò mọ ibi tí àwọn ìlànà wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Láàárín 1942 sí 1964, àdéhùn Amẹ́ríkà pẹ̀lú Mexico, tí wọ́n ń pè ní Bracero, kó àwọn ọkùnrin wọ oko California àti Texas. Àdéhùn iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Owó tí wọ́n ní àwọn ń fi pamọ́ fún wọn, ìdá mẹ́wàá owó iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ni kò rí i gbà títí wọ́n fi kú. Ìlérí wà lórí ìwé nígbà náà náà. Ẹni tí yóò fi agbára òfin gbà á ni kò sí.

Iṣẹ́ inú ọ́fíìsì: ìmọ̀ràn àti ìlànà

Ẹni tó bá ń fojú inú wo ilé ẹjọ́ nìkan yóò já kulẹ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìbéèrè wò, tí wọ́n ń pè ní Certifying Officer, yóò kọ̀wé sí agbẹjọ́rò: ilé-iṣẹ́ kan ní òun ń wá ẹni tó gbọ́ Mandarin, ṣé mo lè kọ̀ ọ́? Agbẹjọ́rò yóò dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì wọnú fáìlì. Bí ẹjọ́ bá dé ní ọdún mẹ́ta sí i, fáìlì yẹn ni adájọ́ yóò kà. Ìdí tí wọn kò bá kọ sínú rẹ̀ nígbà náà, a kò lè wá dá a sílẹ̀ níwájú adájọ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ẹnu dídùn tí èyí kò tíì yé.

Kíkọ ìlànà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1946, òfin ní kí iléeṣẹ́ ìjọba tẹ àbá ìlànà jáde, kó gba èrò aráàlú, kó sì fèsì sí èyí tó nípọn nínú wọn kó tó fi àṣẹ sí i. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: bí iléeṣẹ́ bá fo èrò pàtàkì kan dá, adájọ́ lè da gbogbo iṣẹ́ náà nù. Nítorí náà agbẹjọ́rò máa ń jókòó ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà, ti àgbẹ̀, ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti ìjọ Ọlọ́run, ti ẹni tó kàn ń bú ìjọba, ó sì ń wá ibi tí òye wà nínú wọn.

Ìtàn H-2B jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìpìlẹ̀ bá mì. Àwọn aṣòfin ní kí iléeṣẹ́ ìwọ̀lú bá àwọn iléeṣẹ́ tó yẹ fikùn lukùn. Wọn kò sọ ní tààrà pé Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ lè ṣe ìlànà fún ètò náà. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń bójú tó Florida, Georgia àti Alabama ní ó jọ pé iléeṣẹ́ náà kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Ní 2014, èyí tó ń bójú tó Pennsylvania ní ó ní in. Òfin kan, orílẹ̀-èdè kan, ìdáhùn méjì. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, adájọ́ kan ní Florida fagi lé ìlànà tó wà nílẹ̀ láti 2008, iléeṣẹ́ náà sì dáwọ́ gbígba ìbéèrè dúró lójijì, nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀ tí àwọn ilé ìtura ń wá òṣìṣẹ́. Ní ìparí oṣù kẹrin, iléeṣẹ́ méjèèjì gbé ìlànà tuntun jáde pọ̀, wọ́n jọ fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà tún béèrè ẹni tó ni agbára. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò kọ ohun tó sábà máa ń gbà wọ́n ní ọdún kan.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, iṣẹ́ yìí tún le sí i. Fún ogójì ọdún, bí òfin kò bá yéni tó, adájọ́ máa ń gba ìtumọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba bó bá ti mọ́gbọ́n dání. Nínú ẹjọ́ Loper Bright, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pa àṣà yẹn tì: adájọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa túmọ̀ òfin. Agbẹjọ́rò tó ti mọ́ lára láti sọ pé “ìtumọ̀ wa bọ́gbọ́n mu” ti ní láti kọ́ bí a ṣe ń sọ pé “ìtumọ̀ wa ló pé jùlọ”.

Níwájú adájọ́

Ẹjọ́ PERM kì í kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gbogboogbò. Láti 1987 ni ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ kan ti wà nínú iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, BALCA, tó ń gbọ́ ẹ̀dùn agbanisíṣẹ́ tí wọ́n kọ ìwé rẹ̀. Ẹjọ́ HealthAmerica ti 2006 ni gbogbo ẹni tó wọnú iṣẹ́ yìí máa ń gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ náà polówó lọ́jọ́ Àìkú bí òfin ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ fọ́ọ̀mù kọ déètì tó bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Ìjọba kọ ìwé náà, ó sì kọ̀ láti wo ìwé ìròyìn gan-an tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. BALCA ní ìyẹn ti le jù, ó dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Kí ni iléeṣẹ́ náà ṣe? Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó yí ìlànà padà: láti oṣù keje ọdún 2007, ẹni tó bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kò lè tún un ṣe mọ́. Ìjọba pàdánù ẹjọ́, ó sì lo ìlànà láti gba ohun tó pàdánù padà. Ó bófin mu. Bóyá ó dára, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ jíròrò rẹ̀. Èmi rò pé ìlànà tó ń fi àṣìṣe ìtẹ̀wé kan da iṣẹ́ ọdún kan nù kò ran òṣìṣẹ́ onílé kankan lọ́wọ́.

Ẹ̀tàn gidi kì í sábà wà nínú déètì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Iléeṣẹ́ Ìdájọ́ fẹ̀sùn kan Facebook pé ó ń pa àyè iṣẹ́ tó lé ní 2,600 mọ́ fún àwọn tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú físà. Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kò fi iṣẹ́ wọ̀nyẹn sórí ojú-ewé rẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà: owó ìtanràn 4.75 mílíọ̀nù dọ́là, àti owó tó lè tó 9.5 mílíọ̀nù fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ kíyè sí i pé agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ méjì ló ní láti ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀: Iléeṣẹ́ Ìdájọ́ mú ẹ̀sùn ìyàsọ́tọ̀, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ mú ti àyẹ̀wò ìwé.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Prince George's ní Maryland, àgbègbè tí àwọn ará wa pọ̀ sí dáadáa. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ gba olùkọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú H-1B, púpọ̀ nínú wọn láti Philippines. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n jẹ́ kó san owó ìwé àti owó agbẹjọ́rò tó yẹ kí agbanisíṣẹ́ san. Bí a bá yọ owó yẹn kúrò nínú owó oṣù wọn, ohun tó kù kò tó iye tí òfin ní kí wọ́n gbà. Ní 2011, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà gbà láti san owó tó lé ní 4.2 mílíọ̀nù dọ́là padà fún àwọn olùkọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, pẹ̀lú ìtanràn 100,000. Títí dé ibi yìí, ìṣẹ́gun ni. Ṣùgbọ́n òfin tún ní kí a fi òfin de agbanisíṣẹ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ kó má lè béèrè òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè mọ́ fún àkókò kan. Ọdún méjì ni ti wọn. Ìyẹn já sí pé olùkọ́ tí físà rẹ̀ ń parí kò lè rí i tún ṣe níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ náà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹjọ́ wọn rò, jáde wá fẹ̀hónú hàn sí ìjìyà tí wọ́n fi jẹ ọ̀gá wọn.

Kí ni agbẹjọ́rò yóò sọ fún wọn? Wọn kì í ṣe oníbàárà rẹ̀. Ìfòfindè náà ni òfin fi ń dẹ́rù ba agbanisíṣẹ́ mìíràn, ẹni tó bá sì yọ ọ́ kúrò nítorí àánú yóò ti sọ fún gbogbo agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n máa fi òṣìṣẹ́ wọn ṣe apata. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mi ò rí ẹni tó lè ka ẹjọ́ yìí tán kó ní ọkàn òun balẹ̀.

Òfin tún ń pààlà fún àwọn olùwádìí. Nínú ẹjọ́ Greater Missouri ti 2015, òṣìṣẹ́ kan láti Philippines fẹjọ́ sùn lórí owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà wá tú gbogbo ìwé agbanisíṣẹ́ náà wò lórí gbogbo òṣìṣẹ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ẹ̀sùn ẹnì kan kì í ṣe àṣẹ láti wá gbogbo ilé. Ní oṣù keje ọdún 2025, ọ̀rọ̀ tún burú sí i fún ìjọba. Oko Sun Valley Orchards ní New Jersey ni adájọ́ inú iléeṣẹ́ ti ní kó san owó tó lé ní 500,000 dọ́là, lórí ẹ̀sùn tó fi mọ́ pé ó ṣèlérí ibi ìdáná fún àwọn òṣìṣẹ́ H-2A, tó wá ń ta oúnjẹ fún wọn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń bójú tó ìpínlẹ̀ náà ní irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti adájọ́ inú iléeṣẹ́. Ilé ẹjọ́ gidi ló ni ín. Bí èrò yìí bá tàn kálẹ̀, agbẹjọ́rò tó ti mọ yàrá kékeré adájọ́ iléeṣẹ́ yóò ní láti kọ́ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ibi ìdáná lọ síwájú ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹjọ́ yóò sì pẹ́ sí i. Òṣìṣẹ́ oko tó fẹ́ jẹ́rìí ti lè padà sílé kí wọ́n tó pè é.

Ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà

Oyè àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ òfin, ìdánwò agbẹjọ́rò ní ìpínlẹ̀ kan, ó kéré tán. Jíjẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà iléeṣẹ́ náà wà nínú ilé tí wọ́n fi orúkọ Frances Perkins pè ní Washington. Ètò kan wà níbẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá. Ohun tó fi ń gba ènìyàn ni pé ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò lè dá dúró níwájú adájọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ níta ṣì ń gbé báàgì lẹ́yìn ọ̀gá.

Ìdánrawò

1. Obìnrin kan ní Houston ní ilé oúnjẹ àmàlà. Ó fẹ́ gba alásè láti Ọ̀yọ́ nípasẹ̀ PERM, ó sì kọ ọ́ sínú ìpolówó pé alásè náà gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá. Ìlànà ní èdè àjèjì kò gbọdọ̀ wọlé àfi tí iṣẹ́ náà kò bá ṣeé ṣe láìsí i, bí àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn oníbàárà tàbí òṣìṣẹ́ kò bá lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ kó yéni. Ìwọ ni agbẹjọ́rò Certifying Officer. Kọ lẹ́tà tí ẹ ó fi béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ ìdáhùn tí agbẹjọ́rò tirẹ̀ yóò fi ránṣẹ́.

2. Ọ̀gá oko kan ní òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ H-2A òun. Òótọ́ ni, alágbàtà tó bá a wá wọn ní ìlú wọn ló gba owó náà. Àwọn ìbéèrè wo ni ìwọ yóò fi sínú ìwé ìwádìí kí o tó mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀gá oko mọ́?

3. Ká ní o wà ní ipò Gerard Reilly ní 1938, tí mínísítà sì bi ọ́ pé ṣé kí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ Bridges lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kọ ìmọ̀ràn ojú-ewé kan. Má lo ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà.

4. Dá ìlànà kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ìfòfindè ṣì máa ba agbanisíṣẹ́ tó ṣẹ̀ lẹ́rù, tí kò sì ní mú olùkọ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ pàdánù físà rẹ̀. Sọ apá òfin tí ìwọ yóò ní kí àwọn aṣòfin yí padà, àti èyí tí iléeṣẹ́ lè fi ìlànà lásán ṣe.